Bàbá Déètì àti Ọjọ́ Ìbí Gbogbo Ayé

Ọjọ́ tí Bàbá Déètì sọ fún arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún pé wọn ò tíì bí i, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn aláìsàn tí oògùn ilé ìwòsàn náà kò tíì rí pa.

Ẹsẹ̀ ló ń ro arúgbó náà. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó jókòó síwájú fèrèsé yàrá àkọsílẹ̀, níbi tí Bàbá Déètì ti gúnwà sẹ́yìn kọ̀ǹpútà bí ọba lórí ìtẹ́. Bàbá Déètì tẹ orúkọ rẹ̀. Ó wo ojú ẹ̀rọ. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó tún wò ó.

"Bàbá, wàhálà díẹ̀ wà o."

"Wàhálà wo? Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí."

"Ti ẹsẹ̀ kọ́. Ẹ̀rọ ní ó ku ogún ọdún kí wọ́n tó bí yín."

"Ta ni yóò bí mi?"

"Ẹ̀rọ ò sọ ìyẹn."

"Ìyá mi ti kú tipẹ́. Bàbá mi náà ti kú. Ta ló wá kù tí yóò ṣe iṣẹ́ náà?"

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀rọ kì í purọ́. Tí mo bá fi yín ránṣẹ́ sí dókítà báyìí, yóò ní mo kó ẹni tí kò sí wá bá òun."

Arúgbó náà fa ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra, ó dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Kò burú. Ẹ bá mi sọ fún ẹsẹ̀ náà pé kò tíì dé ayé, kó yéé ro mí."

Nọ́ọ̀sì àgbà ló gba arúgbó náà sílẹ̀. Obìnrin kan ni tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá. Ó di arúgbó náà lọ́wọ́ mú, ó sì kọjú sí fèrèsé: "Bàbá Déètì, ṣé ẹni tí wọn ò tíì bí yìí ló fara tì mí báyìí?"

Ọwọ́ Bàbá Déètì fúnra rẹ̀ ló fa gbogbo ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé ilé ìwòsàn náà, tí dókítà àgbà sì ń wá ẹni tí yóò kó orúkọ àwọn aláìsàn sínú rẹ̀, Bàbá Déètì ti nawọ́ sókè kí wọ́n tó béèrè ìbéèrè tán. Òun ló ṣètò gbogbo àlàfo tí wọ́n ń kọ nǹkan sí, èyí tó sì gbà á lọ́kàn jù nínú wọn ni àlàfo ọjọ́ ìbí. Ó ní kí wọ́n máa kọ nọ́ḿbà méjì péré fún ọdún, kí ọwọ́ má baà ro ènìyàn. "Ta ni kò mọ ọdún tí à ń sọ?"

Kọ̀ǹpútà ni kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ náà gbà pé nọ́ḿbà tí kò bá ti tó ọgbọ̀n, ti ọ̀rúndún tuntun ni. Wọ́n bí arúgbó ní 1926, ẹ̀rọ gbé e jù sí 2026. Nítorí pé Bàbá Déètì tún ti ṣètò rẹ̀ pé nọ́ḿbà méjì péré ni kó máa hàn lójú ẹ̀rọ, kò sí ẹni tó rí i. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wọlé, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà ni ojú rí, ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko ló sì sá pamọ́ sáàárín wọn.

Ṣé ó tọrọ àforíjì? Rárá o. Bàbá Déètì kì í tọrọ àforíjì. Ó máa ń ṣe àtúnṣe, á sì pe àtúnṣe náà ní ìdàgbàsókè.

Ọkùnrin gígùn pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó máa ń fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀wù. Okùn bàtà ló fi so awò ojú mọ́ ọrùn. Kàlẹ́ńdà ló bo gbogbo ògiri yàrá rẹ̀, ti ilé búrẹ́dì, ti àwọn tó ń ta táyà, ti ilé ìwé tí kò sí ọmọ rẹ̀ kankan níbẹ̀. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ọdún rẹ̀ ti kọjá lọ tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí ẹni tó ń gbálẹ̀ fẹ́ já a dànù, ó ní, "Fi í sílẹ̀. Ta ló mọ̀ bóyá ọdún náà á padà wá?"

Ènìyàn ò lè kí i bí wọ́n ṣe ń kí ọmọ aráyé. Awakọ̀ ilé ìwòsàn gba ìsinmi, ó dé, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè: "Bàbá Déètì, ọjọ́ mẹ́ta!" Bàbá Déètì gbójú wo kàlẹ́ńdà. "Ọjọ́ mẹ́ta kọ́. Ọjọ́ kejìdínlógún rèé." Awakọ̀ náà rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Nílé náà, bákan náà ni. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sú ìyàwó rẹ̀ dé góńgó, obìnrin náà da omi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Bàbá wọn, lọ́jọ́ kan n ó bínú kó ẹrù mi jáde nílé yìí fún yín!" Bàbá Déètì fa bírò yọ lápò. "Ọjọ́ wo?"

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ gbé òun àti nọ́ọ̀sì àgbà dé iwájú dókítà àgbà. Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń gún ọmọ wẹ́wẹ́ lábẹ́rẹ́, tí ọmọ bá sì ní láti padà wá, nọ́ọ̀sì á sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Ó di ọjọ́ mẹ́jọ òní." Kò sí ìyá tí kò mọ̀ pé Ọjọ́rú tó ń bọ̀ nìyẹn, nítorí òní wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Déètì gbọ́ mẹ́jọ, ó sì sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó fi mẹ́jọ kún òní. Kọ̀ǹpútà ṣe bí wọ́n ṣe rán an. Gbogbo káàdì tó tẹ̀ jáde, Ọjọ́bọ̀ ló wà lára wọn.

Ọjọ́bọ̀ sì rèé, ti eléyín ni. Ọjọ́ yẹn nìkan ni dókítà tó ń yọ eyín máa ń wá. Ó dé láàárọ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó to irinṣẹ́ rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn pé kí ẹni àkọ́kọ́ wọlé. Àwọn aláìsàn tò lọ rẹrẹẹrẹ títí dé ẹnu géètì, gbogbo wọn ń ké, kò sì sí ẹni tó ní eyín kan ṣoṣo lẹ́nu.

"Bàbá Déètì," nọ́ọ̀sì àgbà ló ń pariwo báyìí, "láti Ọjọ́rú, ọjọ́ mẹ́jọ òní, ọjọ́ wo ni?"

"Ọjọ́bọ̀."

"Ṣé bí ìyá yín ṣe kọ́ yín nìyẹn?"

"Ìyá mi ò kọ́ kọ̀ǹpútà."

"Ṣé ẹ kì í ka òní mọ́ ọn ni?"

"Òní ti ń lọ. Kí ni mo fẹ́ máa ka ẹni tó ń lọ fún?"

Dókítà àgbà gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n igbe ọmọ ti wọ̀ ọ́ létí láti àárọ̀. Ó ní bí ìyá kan bá tún gbọ́mọ wá lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀, òun á gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sílé kí àwọn ọmọ òun máa fi ṣeré. Bàbá Déètì padà sí yàrá rẹ̀, ó sọ mẹ́jọ di méje, ó yọrí lójú fèrèsé. Ó ní kí gbogbo ènìyàn fọkàn balẹ̀, òun ti mú ìdàgbàsókè bá a.

Lẹ́yìn èyí ni ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ lọ sílé ọkọ. Àkókò náà bọ́ sí ìgbà tí Bàbá Déètì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́ pé oṣù ló yẹ kó máa ṣáájú ọjọ́. "Èyí tó tóbi ló ń ṣáájú. Ṣé ọmọ ló ń ṣíwájú bàbá ni?" Ó ti ṣètò kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ látòkè délẹ̀. Nígbà tí ìwé ìpè ìgbéyàwó sì kàn án láti ṣe, ó kọ 05/04 sí i. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ orúkọ oṣù. Ó ní nọ́ḿbà ò nílò ẹlẹ́rìí.

Ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ló ní lọ́kàn. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin, àbúrò bàbá ọkọ, ọkùnrin agbẹ́gilódò kan tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu géètì wọn pẹ̀lú àpótí kan àti bàtà tuntun.

"Ẹ káàbọ̀ o, ṣé kò sí nǹkan?" ni ìyàwó Bàbá Déètì wí.

"Kò sí o. Ìgbéyàwó ni mo wá. Àwọn yòókù ò tíì dé ni?"

Bàbá Déètì gbé àga fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ṣàlàyé oṣù, ó ṣàlàyé ọjọ́, ó ṣàlàyé bí ohun ńlá ṣe ń ṣáájú kékeré. Ọkùnrin náà tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tí àlàyé parí, ó bọ́ bàtà rẹ̀.

"Àna mi, ọ̀rọ̀ yín yé mi. Ẹ jẹ́ kí tèmi náà yé yín. Ọ̀nà jìn, mi ò sì ní lọ kí n tún padà wá. Ibo ni màá máa sùn?"

Ibẹ̀ ló wà títí ọjọ́ ìgbéyàwó fi pé. Ó jókòó lórí àga Bàbá Déètì, ó wọ sílípáàsì Bàbá Déètì, ó sì máa ń hanrun débi tí aládùúgbò ń rò pé ó gbé iṣẹ́ igi lílà rẹ̀ wá. Ní gbogbo òwúrọ̀, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á lọgun láti yàrá: "Àna mi, òní ọjọ́ kelòó?"

Bí ìgbéyàwó ṣe parí, ìbínú agbẹ́gilódò ni Bàbá Déètì gbé lọ síbi iṣẹ́. Ó yí àlàfo ọjọ́ ìbí padà, ó ní kí ọjọ́ máa ṣáájú oṣù. Ojú àlàfo náà ló yí padà o. Kò yí inú kọ̀ǹpútà padà. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ á máa fi ọjọ́ ṣáájú, ẹ̀rọ á sì máa kà á sí oṣù. Tí ọjọ́ náà bá ti ju méjìlá lọ, ẹ̀rọ á mọ̀ pé kò sí oṣù kẹtàlá láyé, á tún un ṣe láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tí wọ́n bí láàárín ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kejìlá ni wọ́n wọ gàù.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín mọ́. Ìyá kan gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wá. Dókítà ọ̀dọ́ kan wo ojú ẹ̀rọ, ó rí i pé ọmọ oṣù mẹ́wàá ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oògùn ọmọ oṣù mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì àgbà tó gbé ọmọ náà lọ́wọ́ kò jẹ́ kó kọ ọ́ tán.

"Dókítà, ọmọ oṣù mẹ́wàá rèé? Ọrùn rẹ̀ ò tíì le."

Wọ́n bi ìyá léèrè. Oṣù tó kọjá ló bí i.

Ohunkóhun ò ṣe ọmọ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà àgbà ránṣẹ́ pe Bàbá Déètì, tó sì sọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ fún un, Bàbá Déètì bọ́ awò ojú rẹ̀. Kò sọ pé ẹ̀rọ kì í purọ́. Ó wá àga, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó.

"Ẹ lọ fi àwọn káàdì àtijọ́ tí a fọwọ́ kọ tún gbogbo wọn ṣe," ni dókítà àgbà wí.

"Káàdì àtijọ́ ò sí mọ́, sà."

"Kí ló dé?"

"Mo ní kí wọ́n sun wọ́n."

"Nítorí kí ni?"

Ohùn Bàbá Déètì ti lọ sílẹ̀ pátápátá. "Ìdàgbàsókè, sà."

Kò sí bí wọ́n ṣe lè dá èyí tó wọlé kí agbẹ́gilódò tó dé mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Déètì kọ́kọ́ tún inú ẹ̀rọ ṣe, ó sì ṣètò ojú rẹ̀ kí orúkọ oṣù máa hàn gbangba, èyí tí nọ́ọ̀sì àgbà ti ń wí láti ọjọ́ kìíní. Lẹ́yìn náà ló gbé agboòrùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé lẹ́yìn iṣẹ́, kó lè gba ọjọ́ ìbí gbogbo ayé lẹ́nu wọn. Kò sẹ́ni tó rán an. Àmọ́ kí ó tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ṣàṣìṣe, ó kúkú dá ọgbọ́n kan.

"Ẹ kú oríire ọjọ́ ìbí!" ló wí fún onígbàjámọ̀ tó ń fá orí oníbàárà lọ́wọ́.

"Ọjọ́ ìbí ta ni?"

"Tiyín ni. Ìgbà wo ni?"

"Ẹ ń kí mi kú oríire ohun tí ẹ ò mọ ọjọ́ rẹ̀?"

"Ìdí tí mo fi tètè wá nìyẹn."

Báyìí ló ṣe ń kiri, oòrùn ń pa á, ajá ń lé e, àwọn ọmọ àdúgbò ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn tí wọ́n ń béèrè pé àkàrà òyìnbó dà. Ó wọ ilé tí wọn kì í ti í bá ara wọn jà, ó bi ọkọ ní ọjọ́ ìbí ìyàwó, ọkọ ò mọ̀ ọ́n, ó sì fi ìjà sílẹ̀ níbẹ̀ lọ.

Ẹ̀yìn ọgbà mẹkáníìkì kan ló ti bá Ìyá Alágbàfọ̀. Obìnrin yìí ló ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn náà nígbà kan, kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ ìfọṣọ tí wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò bímọ, kò sì ní ọ̀rọ̀ rere kankan láti sọ nípa ẹ̀rọ.

"Ìyá, ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?"

"Ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni."

"Oṣù wo?"

"Wọ́n ní òjò ń rọ̀."

"Òjò àkọ́rọ̀ ni àbí àrọ̀kúrò?"

"Ọmọ tuntun ni mí nígbà yẹn. Mi ò yọjú wo ìta."

Bàbá Déètì nu ojú. "Ìyá, ẹ gbà mí. Àlàfo náà ò gbọdọ̀ ṣófo. Tí kò bá kún, kọ̀ǹpútà ò ní jẹ́ kí n kọjá."

"Ta ló sọ fún un pé kó má jẹ́ kí o kọjá?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin méjèèjì ẹ lọ parí ìjà yín."

Nígbà tó yá, Bàbá Déètì ní òun á yan ọjọ́ kan fún un. Ìyá gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun ò fẹ́ oṣù òjò, nítorí ta ni yóò rìn nínú ẹrẹ̀ wá kí òun? Bàbá Déètì mú oṣù kẹta wá. Ìyá ní ooru á ti pọ̀ jù. Ó mú oṣù kìíní wá. Ìyá ní gbogbo ènìyàn ló máa ń rẹ̀ nínú oṣù kìíní.

"Ìyá, ọjọ́ ìbí là ń sọ o. Aṣọ kọ́ lẹ̀ ń yàn."

"Ṣé ìwọ lo máa wọ̀ ọ́ ni? Ìgbà wo ni wọ́n bí ìwọ alára?"

"Ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá."

Ìyá Alágbàfọ̀ rò ó. "Òjò ti lọ, ooru ò tíì dé. Ẹni tó bí ọ gbọ́n. Ìyẹn ni mo fẹ́."

"Ìyá, tèmi nìyẹn!"

"Ṣé ó máa tán ni?"

Bàbá Déètì fa bírò yọ. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún náà lọ, tí ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá bá pé, á ra búrẹ́dì, á gbọ̀nà ẹ̀yìn ọgbà mẹkáníìkì lọ, àwọn méjèèjì á jọ jókòó síwájú ilé, wọn á máa jiyàn lórí ẹni tó dàgbà jù nínú wọn. "Akẹgbẹ́ mi" ni Ìyá ń pè é. Tí wọ́n bá bi í léèrè níbi iṣẹ́, á ní ìbẹ̀wò iṣẹ́ lòun lọ. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé fúnra rẹ̀ ló máa ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ wọ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a lọ ọ́.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àìsàn kọlu Bàbá Déètì, kò sì pẹ́. Ilé ìwòsàn náà ni wọ́n gbé e dé, wọ́n sì gbé káàdì kan kọ́ sí ìsàlẹ̀ ibùsùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kékeré kan wá kọ ọjọ́ sí i. Bàbá Déètì fi ìka pè é. Ọmọ náà rọra tẹ̀ síwájú, ó rò pé omi ni Bàbá fẹ́ mu.

"Ọmọ mi, kọ orúkọ oṣù."

Ọmọ náà pa nọ́ḿbà rẹ́, ó kọ orúkọ oṣù. Nọ́ọ̀sì àgbà, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní eruku kó sí òun lójú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ ibẹ̀ tán ni.

Nígbà tí wọ́n sin ín, ọkùnrin tó ń gbẹ́ òkúta ibojì wá bá àwọn ẹbí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọjọ́ lòun á fi ṣáájú ni tàbí oṣù. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Agbẹ́gilódò, tó ti dé láti ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n má baà ṣi òun lọ́nà mọ́, dá sí i pẹ̀lú ohùn rara. Opó náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mi ò fẹ́ kó dìde wá tún un ṣe." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí, ẹ̀rín náà sì ṣòro láti parí.

Lọ́dún yẹn, nígbà tí oṣù kọkànlá dé, Ìyá Alágbàfọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ilé ìwòsàn. Kò sí ohun tó ń ṣe é, ó ní òun kàn fẹ́ jókòó díẹ̀. Akọ̀wé tuntun tó wà lójú fèrèsé kò mọ̀ ọ́n. Ó béèrè orúkọ, ó sì béèrè ọjọ́ ìbí.

"Ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá. Òní ni."

Akọ̀wé náà wo arúgbó náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá, ṣé ó dá yín lójú? Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ni kì í mọ̀ ọ́n."

"Ó dá mi lójú. Ẹni tó fún mi lọ́jọ́ náà kì í ṣàṣìṣe."

Awakọ̀ tó wà níbẹ̀ yára gbẹ́nu sínú ife rẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ dáwọ́ dúró. Gbogbo wọn wo nọ́ọ̀sì àgbà, ẹni tó lè fi ìka ka àṣìṣe Bàbá Déètì títí ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ yóò fi tán. Ó la ẹnu. Ó wo Ìyá. Ó wá fa àga kan súnmọ́ fèrèsé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé.

"Òótọ́ ni, Ìyá," ló wí. "Kì í ṣàṣìṣe. Ẹ jókòó."